Afárá Oníyanrìn ti Don Wulfrano

Gbogbo ẹni tó mọ Taurino Noyola ló mọ̀ pé kì í fi orin ṣeré. Lọ́dọ̀ wa ní etíkun níbí, ẹni tó bá ń kọ kòrído, ìtàn ló ń sọ. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, kó dárúkọ ẹni tó ṣe é, kó sì sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí àwọn tó ń gbọ́ ọ wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Bó bá purọ́, àwọn obìnrin tó ń sá ìṣápá sí ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà tí irun Taurino ti dúdú ló ti ń ṣe é. Ó ti kọrin nípa àwọn tí wọ́n yìnbọn pa níbi ijó, àwọn tó sọdá ẹnubodè lọ wáṣẹ́ ní Àríwá tí wọn ò padà, àti akọ màlúù kan tó kan ẹni tó ni ín pa. Kò sì sí ẹni tó rò pé orin kan ṣoṣo lè sọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ń fi ojú gbálẹ̀ bó bá ń kọjá ní El Carrizo, abúlé wa.

Orin afárá ni.

Don Wulfrano Bustos, olórí ìjọba ìbílẹ̀ wa, ló kọ́ afárá náà sórí odò. Kò pé ọdún kan tó fi wó. Òjò oṣù kẹsàn-án ló gbé e lọ, gbogbo ayé ló sì mọ ìdí rẹ̀, torí gbogbo ayé ló rí àwọn ọkọ̀ símẹ́ńtì tó ń gba etí odò kọjá láì dúró, tí wọ́n ń gun òkè lọ síbi tí ilé Don Wulfrano ti ń ga sí i. Wọn ò tilẹ̀ fi pamọ́. Iyanrìn odò ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú afárá, wọ́n wá fi ọ̀dà funfun kùn ún kó lè dára nínú fọ́tò. Don Wulfrano gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, ó jẹun, ó lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó wó, Atanasio wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ tó ru àgbọn. Ẹsẹ̀ Atanasio kán, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bómi lọ. Yareli náà wà lórí rẹ̀, ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Yareli ni àkọ́bí Nicéfora Petatán, opó tó ń gbin ìṣápá lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Taurino ni bàbá ìsàmì rẹ̀, òun ló gbé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí àlùfáà da omi sí i lórí, láti ọjọ́ náà ni òun àti Nicéfora sì ti ń pe ara wọn ní kompádre àti komádre. Wọ́n rí òkú ọmọ náà lọ́jọ́ kejì, níbi tí odò ti ń bọ́ sínú òkun.

Kí ẹrẹ̀ tó gbẹ lójú ọ̀nà ni Taurino ti bẹ̀rẹ̀ orin náà. Inú ń bí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní El Carrizo tí ẹnikẹ́ni kì í rú: wọn kì í fi orúkọ òkú sínú orin kí wọ́n tó gbé àgbélébùú tí wọ́n fi ń sàmì ọdún kan ikú rẹ̀ lọ sí sàárè, ìdílé rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda. Wọ́n gbà pé ẹni tí a bá fi gìtá pè kí ọdún rẹ̀ tó yí po, ńṣe ni yóò máa bojú wẹ̀yìn, kò ní rí ọ̀nà tó ń lọ. Nítorí náà, Taurino fi àyè ọmọ náà sílẹ̀. Ó rò ó pé kí òun kọ́kọ́ kọ ti olè ná. Bí ọdún bá pé, òun yóò gba àṣẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀, òun yóò sì fi ti Yareli sí àyè rẹ̀. Àmọ́ orin kì í fẹ́ ihò láàárín ara rẹ̀. Níbi tí ọmọ náà ì bá wà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló fi sí i.

Ká má purọ́, orin náà dùn. Ó sọ̀rọ̀ nípa ikùn Don Wulfrano tó máa ń wọlé ìpàdé ṣáájú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó rẹ̀ tó ń wá ibi tí yóò gbé àga sí nínú yàrá tí kò mọ iye rẹ̀. Ó wá ní:

*Símẹ́ńtì tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí wa*
*ló sọnù sílé alájà mẹ́ta;*
*iyanrìn tó ṣẹ́kù sétí odò*
*ni Wulfrano fi bù wá lọ́lá.*

Ṣùgbọ́n ẹsẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló gba ìlú lọ́kàn:

*Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì,*
*ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn, ẹ máa lọ ná;*
*èmi ò kàwé, n ò sì dìbò rí,*
*ṣùgbọ́n mo mọ iyanrìn tí mo bá tẹ̀ ẹ́.”*

Ní ilé ọtí Doña Chofi ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹnì kan fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti wà nínú ọkọ̀ èrò, ó ti wà lọ́jà Santa Eduwiges tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wa, àwọn apẹja ń kọ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá dé ibi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, gbogbo wọn á ké bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ẹ̀rù ba Hermelinda, ìyàwó Taurino. Ó mọ àwọn tí wọ́n ti wí ohun tó kéré sí èyí tí wọ́n sì rí òkú wọn nínú oko. Ó di aṣọ ọkọ rẹ̀ sínú àpò, ó ní kó lọ fara pamọ́ lọ́dọ̀ àbúrò òun lórí òkè. Taurino kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ pa òun, kí wọ́n wá bá òun nílé, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó rán wọn. Ní òtítọ́, ó ti múra ikú sílẹ̀, ó tilẹ̀ ti sọ fún Chano, àna rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta gìtá, irú orin tó yẹ kó kọ létí sàárè òun. Ohun tó wá dé, kò múra rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ọkọ̀ ńlá méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn tó ní ìbọn lọ́wọ́ bọ́ sílẹ̀, wọ́n fara ti ògiri. Don Wulfrano fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé wọn. Ó ṣí fìlà fún Hermelinda, ó bèèrè bóyá òun lè rí omi ìṣápá tútù mu, ó sì jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò bí ẹni tó wá kí ẹ̀gbọ́n.

“Don Taurino,” ó ní, “wọ́n ní ẹ kọrin nípa mi, ẹ ò sì pè mí wá gbọ́. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?”

Taurino dáhùn pé kò sí ohun tó wúni lórí nínú rẹ̀.

“Ẹ kọ ọ́ fún mi. Gbogbo ẹ̀ o, ẹ má fo ìkankan.”

Taurino mú gìtá. Kò fo ìkankan. Ó tilẹ̀ tẹnu mọ́ orúkọ náà níbi tó yẹ. Nígbà tó dé ibi ikùn, Don Wulfrano wo ikùn ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ lù ú pẹ́pẹ́. Nígbà tó dé ibi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn tó ní ìbọn náà bá wo ojú ọ̀gá wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

“Bàbá mi jẹ olórí níbí lẹ́ẹ̀mejì,” ni ó wí nígbà tó nu ojú tán. “Ó kú, kò sẹ́ni tó kọ ẹsẹ kan nípa ẹ̀. Èmi rèé, mo ṣì wà láyé, àwọn ọmọdé ti ń fi mí kọrin.”

“Orin èébú ni, Don Wulfrano,” ni Taurino wí. Ó dà bíi pé ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ kó gbọ́ ohun tí òun wí.

“Mo mọ̀. Èébú yẹn dùn ni.”

Ó ní ìbò ń bọ̀, òun sì fẹ́ padà sórí àga. Ó fẹ́ kí Taurino wá kọ orin náà lójú agbo, ní gbàgede Santa Eduwiges, níbi ìpàdé ńlá tí wọn yóò fi parí ìpolongo. Kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ó kàn sọ ọjọ́ náà, ó dìde, ó dì mọ́ ọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Hermelinda fún omi ìṣápá. Àwọn tó ní ìbọn gbọn eruku ògiri kúrò lára aṣọ wọn.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni orin náà ti bọ́ lọ́wọ́ Taurino. Àwọn ọkọ̀ Don Wulfrano ń fi gbohùngbohùn kọ ọ́ ká gbogbo abúlé. Wọ́n tẹ àwòrán kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó dé fìlà sára aṣọ, wọ́n ń pín in ọ̀fẹ́, àwọn èèyàn ń tò gbà á. Ẹ̀yin ẹ wo irú ìwà burúkú yìí. Ọkùnrin náà jí afárá wa, ó wá ń fi orin olè jíjà náà tọrọ ìbò, àwa náà sì ń sọ pé ó kéré tán, ó mọ ẹ̀fẹ̀, kì í bínú, kò dà bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mo rò pé orí wọn pé.

Ohun tó dun Taurino jù, kò sọ ọ́ fún Hermelinda. Lọ́jọ́ tí Don Wulfrano rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, inú òun náà dùn díẹ̀. Akọrin ni, ẹnì kan rẹ́rìn-ín síbi tó fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Bó bá rántí i lórí ibùsùn, ojú a tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ.

Nígbà tí ìpàdé náà ku ọjọ́ díẹ̀ ni Nicéfora wá. Aṣọ dúdú ló ṣì wọ̀, àwọ̀ pupa ìṣápá wà ní ìka rẹ̀. Ó kọ̀ láti jókòó.

“Kompádre, Itzel ti mọ orin yín tán,” ó ní. Itzel ni àbúrò Yareli, ọmọ ọdún mẹ́fà. “Ó ń kọ ọ́ lánàá níbi tá a ti ń já ìṣápá. Tó bá ti dé ibi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, á ké bíi tiẹ̀, á wá bú sẹ́rìn-ín.”

“Ọmọdé ni, komádre. Ẹ má bá a wí.”

“Mi ò bá a wí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló gbé mi dé ibí.”

Taurino ń wo ìka obìnrin náà.

“Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Atanasio ní ẹsẹ tiẹ̀ nínú orin yín,” ni Nicéfora wí. “Ikùn Wulfrano ní tiẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ àti àga ẹ̀ ní tiwọn. Ọmọ mi ńkọ́, kompádre?”

Taurino rán an létí òfin. Ó ní ọdún ọmọ náà kò tíì pé, pé òun ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé bí wọ́n bá ti gbé àgbélébùú náà tán, òun yóò wá tọrọ àṣẹ. Nicéfora jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní òun mọ òfin náà, ìyá òun ló kọ́ òun. Ṣùgbọ́n kí ọdún yẹn tó pé, wọn yóò ti dìbò, Wulfrano yóò ti wọlé, àwọn èèyàn yóò sì ti máa sọ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ló kú síbi afárá. Ó ní kí Taurino kọ orúkọ Yareli ní gbàgede, lójú gbogbo wọn, lójú Wulfrano. Òun ìyá rẹ̀ ló yọ̀ǹda.

“Tí ò bá wá rọ́nà lọ ńkọ́?” ni Taurino bèèrè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

“Kó máa bọ̀ nílé. Èmi ni mo bí i, màá gbà á.”

Nígbà tó lọ tán, Taurino jókòó ti gìtá, ó gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ kò wá bó ṣe ń wá nígbà ti Wulfrano. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ọmọ náà kéré, kò sì pani lẹ́rìn-ín: ó fẹ́ràn máńgòrò tí kò pọ́n, tó fi iyọ̀ àti ata sí, ó máa ń bínú bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ ní ìlàjì, ìwé rẹ̀ kì í dọ̀tí. Níbẹ̀ ló ti wá rí ohun tó ti ṣe. Ó ti fi gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ olè náà títí tó fi dùn-ún wò, tó ní ikùn, tó ní ẹ̀rín, tó ní ilé. Ta ló lè kórìíra irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Taurino sunkún lábẹ́ igi máńgòrò náà, Hermelinda rí i láti inú ilé ìdáná, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹsẹ ọmọ náà wá, ohùn orin àkọ́kọ́ náà ló lò fún un. Chano kìlọ̀ fún un pé kó wá ohùn mìíràn. Taurino ní orin kan náà ni, ọ̀ràn kan náà ni, òun kàn ń fi ọmọ náà sí ibi tó yẹ kó ti wà tẹ́lẹ̀ ni.

Gbàgede kún lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti hú màlúù tí wọ́n sun sínú ilẹ̀ jáde, ọtí bíà wà nínú yìnyín, àwọn àsíá bébà ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gidi kan sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle pẹ̀lú fìlà lórí, ó ń jẹ koríko. Nicéfora ti dé láti àárọ̀ kó lè rí àyè níwájú. Ó fi Itzel sọ́dọ̀ aládùúgbò. Bí Taurino ṣe ń gun àtẹ̀gùn pèpéle, ó rí i, aṣọ dúdú kan láàárín àwọn aṣọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Don Wulfrano fúnra rẹ̀ ló pè é síta. Ó ní èèyàn tó mọ òun jù ní ayé nìyí, òun sì wá gba èébú òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Taurino kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo Chano, Chano mí kanlẹ̀, àwọn méjèèjì sì ta gìtá.

*Yareli Clavel Petatán lorúkọ rẹ̀,*
*ọmọ Nicéfora, ará El Carrizo;*
*ẹ má sọ pé Ọlọ́run ló mú un lọ,*
*Ọlọ́run kọ́ ló kọ́ afárá yín.*

Ariwo lọ sílẹ̀. Obìnrin kan ya àmì àgbélébùú sí ara rẹ̀, torí ó mọ̀ pé ọdún ọmọ náà kò tíì pé. Ẹ̀rín ṣì wà lójú Don Wulfrano, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Taurino kọ ẹsẹ kejì, èyí tó dárúkọ máńgòrò àti iyọ̀, ó sì rí i pé wọ́n ń gbọ́. Fún ìwọ̀nba ìgbà yẹn, gbogbo Santa Eduwiges dákẹ́ fún ọmọ kan tí kò lówó, tí kò sì gbajúmọ̀. Ì bá dára ká ní ibẹ̀ ló parí sí.

Ọkùnrin kan tó dúró ti ibi bíà ló lóhùn sí i. Kì í ṣe ọ̀tá. Ó ti mu yó ni, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, “Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dà?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bí èèyàn ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àyà rẹ̀ bá ti wúwo jù. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà. Ohùn tó yẹ wà nílẹ̀, gìtá Taurino fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwọn mìíràn gbè é. Ọmọ iṣẹ́ Don Wulfrano kan na ọwọ́ sí wáyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ wò ó, ó sì fi í sílẹ̀. Kò sídìí láti já wáyà kankan mọ́. Taurino pariwo orúkọ náà sẹ́nu ẹ̀rọ, Yareli Clavel Petatán, ó pè é ní kíkún bí ọmọ náà ṣe ń fẹ́, gbogbo gbàgede sì ń fi orin bò ó mọ́lẹ̀ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Olùkọ́ wà níbẹ̀. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì wà níbẹ̀. Atanasio tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wà níbẹ̀, ó gbára lé ọ̀pá, ó ń ké bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tirẹ̀ tó kú, ojú rẹ̀ sì ń dán.

Ẹnu kan ṣoṣo ló ń bá Taurino lọ nísàlẹ̀ yẹn. Nicéfora, tí Taurino ti kọ́kọ́ kọ ọ́ fún nílé, ń kọ ọ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Taurino kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ètè rẹ̀ ló ń rí. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe kọ ọ́ dé òpin.

Ìhó ayọ̀ ta. Don Wulfrano wá, ó dì mọ́ Taurino níwájú àwọn ayàwòrán, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rọ.

“Èyí tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ yẹn bani nínú jẹ́ o, Don Taurino,” ni ó wí létí rẹ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. “Mo máa ní kí àlùfáà ṣe Máàsì fún ọmọ yẹn, kí n sì dárúkọ ẹ̀ níbẹ̀ fúnra mi. Kí lẹ ní ó ń jẹ́?”

Taurino la ẹnu. Àárẹ̀ ti mú un, ó sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kó dáhùn bí àgbà tàbí olóyè bá bèèrè ọ̀rọ̀. Ó wo ìsàlẹ̀. Nicéfora kò lè gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó rí ojú ọkùnrin náà, ó rí ẹnu Taurino tó là sílẹ̀, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Ó mi orí rẹ̀ pé rárá.

“Kì í ṣe orúkọ tí ẹnu yín máa pè,” ni Taurino sọ fún Don Wulfrano.

Ó gbé gìtá kọ́ èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle lọ bá ìyá ọmọ náà. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ orin náà láti orí ẹsẹ ikùn, láìsí gìtá kankan.